Egbò ń yọ káàkiri ara ológbò mi látìgbà tó ti ń pa eku, ẹ bá mi dá sí i

Àdùnní Glos
Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ológbò ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́ kẹ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Abúlé kan nítòsí Gloucester ní England ni mò ń gbé níbí, oko ló yí wa ká, Tiger (akọ ni, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá) kò sì níṣẹ́ méjì ju kó máa ṣọdẹ eku kiri lọ, láti August ló ti jẹ́ pé tá a bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ òkú eku á ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo wá rí egbò kékeré kan lẹ́sẹ̀ iwájú rẹ̀, mo ní eku ló gé e jẹ, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ vet, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ antibiotic, wọ́n ní ká máa lọ. Egbò yẹn ò jiná, ńṣe ló ń fẹ̀ tí ojú ẹ̀ ń le. Ní báyìí orí, etí, ẹ̀yìn, itan, ibi gbogbo ló ti ń yọ kókó, èyí tó kọ́kọ́ yọ ti bẹ́, ó ti ń di èépá. Kò fi bẹ́ẹ̀ yún un. Ó ń jẹun àmọ́ kò ṣeré mọ́ bó ṣe máa ń ṣeré. Mo tún pè wọ́n, ẹlòmíì ló gbé fóònù, ó ní ó lè jẹ́ àléjì, pé kí n gbé e wá kí wọ́n fún un ní steroid (oògùn tó ń mú kí wíwú àti yíyún rọlẹ̀). Ṣé kí n lọ gbà á? Ọmọ mi obìnrin ọmọ ọdún 6 ní eczema (awọ ara tó máa ń gbẹ, tó máa ń yún), òun àti Tiger ló sì jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, ìyẹn gan-an ló ń já mi láyà.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Làpálàpá nìyẹn jàre. Bó ṣe ṣe tiwa nílé náà nìyẹn, màmá mi ní ká lọ gba ọ́ìlì kọndẹ́ẹ̀mù lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ká fi pa á lára, gbogbo ẹ̀ gbẹ. Ajá ni tiwa o, àmọ́ ẹran lẹran ń jẹ́.

Dókítà Ẹran (Ìbàdàn)
Ọmọ Mọ́kọ́lá, mo bẹ̀ ẹ́, má bá wọn pa ológbò wọn. Ológbò kì í ṣe ajá kékeré. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fi pa á lára, ahọ́n ló máa fi lá gbogbo ẹ̀ wọnú, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò sì lágbára láti yanjú ọ̀pọ̀ nǹkan tí ẹ̀dọ̀ ajá tàbí tèèyàn máa yanjú. Ọ́ìlì mọ́tò, májèlé ni. Dettol, májèlé ni fún un. Oògùn eégbọn ajá tó bá ní permethrin nínú, gìrì ló máa gbé e. Paracetamol, hóró kan péré lè gbẹ̀mí ẹ̀. Ajá tó yè é náà, orí ló kó o yọ.

Àǹtí Àdùnní, mi ò lè wo ẹran lórí ojú fóònù, àmọ́ ẹ má tíì gba steroid yẹn. Bẹ́ ẹ ṣe to ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ báyìí, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni cowpox, fáírọ́ọ̀sì kan tó máa ń yọ kókó sára ẹran àti èèyàn. Ó wọ́pọ̀ káàkiri Yúróòpù dé apá kan Éṣíà, a ò mọ̀ ọ́n mọ ẹran tiwa níbí, ìwé ni mo ti kà á. Ẹ wò ó: ológbò tó ń ṣọdẹ, egbò kan ṣoṣo lórí tàbí ọrùn tàbí ẹsẹ̀ iwájú (ibi tí eku máa ń gé e jẹ nígbà tó bá ń bá a jà), antibiotic ò ràn án, kó tó bí ọ̀sẹ̀ 1 sí 3 kókó á wá tú jáde sára. Ìgbà tó sì ṣẹlẹ̀ bá a mu, torí July sí November ló pọ̀ jù, ìgbà yẹn ni eku inú pápá wọn máa ń pọ̀ yanturu. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé fáírọ́ọ̀sì yẹn máa gba ojú ibi tí eku ti gé e jẹ wọlé, á kọ́kọ́ bí sí i níbẹ̀, á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á wá gbé e káàkiri, awọ ara ló sì fẹ́ràn jù láti jókòó sí. Sójà ara ológbò yẹn ló máa lé e jáde, kò sóògùn kan pàtó. Steroid sì rèé, àwọn sójà yẹn gan-an ló máa lọ dá jókòó. Bí ẹ bá gbà á fún ológbò tó ní cowpox, fáírọ́ọ̀sì lè rí àyè dé ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló sì ti máa ń pa wọ́n.

Kò túmọ̀ sí pé cowpox ni dandan o. Làpálàpá lè jọ ọ́, kòkòrò inú egbò lè jọ ọ́, àléjì náà lè jọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gún un.

Túndé Bàlínì
Dókítà ti sọ ọ́ tán. Mo fẹ́ fi kún un pé níbí ní Jámánì a kì í fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré. Òtútù ọdún 2008 sí 2009, àwọn eku tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù pé kéèyàn máa fi sìn nílé, wọ́n ti kó cowpox, àwọn tó rà wọ́n kó o lọ́rùn lójú níbi tí wọ́n ti ń gbé eku lé èjìká máa ṣeré, Faransé náà ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Erin pàápàá ti kó o rí ní Jámánì níbí, eku ló kó o ràn án. Nítorí náà ẹni tó bá sọ pé ológbò nìkan ló ń kó o ràn èèyàn kò tíì rí nǹkan kan.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Erin kẹ̀! Eku kó nǹkan ran erin. Ayé mà le o.

Ẹ má bínú dókítà, mo ti gbọ́ nípa ti ọ́ìlì, mo máa sọ fún màmá mi. Wọn ò ní í gbà ṣá.

Àdùnní Glos
Ẹ ṣé gan-an ni o. Mo ti pè wọ́n, mo ní ká fi ti steroid sílẹ̀ ná. Ohùn ẹni tó dá mi lóhùn bíi pé mo ń kọ́ ọ níṣẹ́ ẹ̀. Ẹ bá mi sọ ọ́ bí mo ṣe máa sọ ọ́ kó má dà bí àfojúdi. Kí ni mo fẹ́ kí wọ́n ṣe gan-an? Ọmọ mi ńkọ́?

Dókítà Ẹran (Ìbàdàn)
Ẹ sọ fún wọn pé: "ológbò mi ń pa eku, egbò kan ló kọ́kọ́ yọ kí ìyókù tó tú, ilé wa ní ọmọ tó ní eczema, mo fẹ́ kí ẹ mú èépá ara ẹ̀ lọ sí láàbù fún PCR orthopox kí ẹ tó gún un ní steroid." PCR orthopox yẹn ni àyẹ̀wò tó ń wá fáírọ́ọ̀sì ìdílé cowpox. Ìyẹn náà ti tó. Kò sí vet tó mọṣẹ́ tó máa gbọ́ pé ó ń pa eku, tó gbọ́ pé ọmọ wà nílé, tí kò ní í jókòó dáadáa. Èépá gbígbẹ ni wọ́n nílò, inú ike lásán ni wọ́n máa fi sí, kò nílò yìnyín. Wọ́n tún lè gé awọ díẹ̀, ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n wò á rí àmì tí fáírọ́ọ̀sì yẹn máa ń fi sílẹ̀ nínú awọ.

Ti ọmọ, ọ̀tọ̀ ni kó máa sùn láti alẹ́ òní. Ẹ má dúró dè èsì. Awọ eczema dà bí ògiri tó ti lanu, ibi tí fáírọ́ọ̀sì ò bá ti rí ọ̀nà lára ẹlòmíì, tirẹ̀ ti ṣí sílẹ̀. Ní UK níbẹ̀, bí ìdajì àwọn tó ní cowpox, ara ológbò ni wọ́n ti rí i pé ó ti wá. Ẹni tára ẹ̀ dá, egbò kan tàbí méjì ló máa ń yọ lọ́wọ́ tàbí lójú, á dúdú láàárín, á máa dunni, ibà díẹ̀, kókó abẹ́ abíyá á wú, á sì lọ fúnra ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Àmọ́ ẹni tó ní eczema tàbí tí wọ́n ń fún ní oògùn tó ń rẹ sójà ara sílẹ̀ (bí ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún, tàbí tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ), tìyẹn lè kọjá ohun tá à ń wí yìí. Ẹ pe dókítà ọmọ náà, ẹ sọ fún wọn ṣáájú kí nǹkan kan tó yọ.

Bàbá Ìjẹ̀bú
Ẹ pẹ̀lẹ́ o ẹ̀yin ọmọ. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Kókó tó tú jáde lára, tó bẹ́, tó di èépá, nígbà tiwa a kì í pe orúkọ irú ẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Olóde là ń pè é, tàbí ká ní ilẹ̀ẹ́gbóná, ká sì gbẹ́nu dákẹ́. Mo ní àpá àjẹsára ẹ̀ lápá òsì mi di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, àwọn ọmọ mi máa ń bi mí pé kí ló ṣe mí níbẹ̀. Ṣé ohun tí ológbò Àdùnní ní yìí àti olóde jọ tan ni, dókítà?

Dókítà Ẹran (Ìbàdàn)
Ẹ káàárọ̀ sà. Wọ́n tan sà, ọmọ ilé kan náà ni wọ́n, àmọ́ ìwà wọn yàtọ̀. Èyí tẹ́ ẹ̀ ń wí yẹn, ara èèyàn nìkan ló ń gbé, ìdí tí wọ́n fi rí i pa tán nìyẹn, kò ní igbó tó lè sá sí. Tiwa ní Nàìjíríà parí ní 1970, nígbà tó di 1980 WHO kéde pé ó ti tán láyé. Cowpox ní tiẹ̀, ara eku pápá ló fi ṣe ilé, kò sẹ́ni tó lè lé e tán. Mpox tó jáde nílẹ̀ wa ní 2017, ẹbí kan náà ni, òun náà ní ẹran inú igbó tó ń gbé.

Àpá apá yín yẹn sà, ó wúlò díẹ̀. Àjẹsára ayé ijọ́un máa ń dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ cowpox náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára ẹ̀ máa ń dín kù bọ́dún bá ti ń gorí ọdún. Ní UK, 1971 ni wọ́n ti ṣíwọ́ fífún àwọn ọmọ ní tiwọn, nítorí náà ó ṣeé ṣe kó má sí ọ̀kan nínú ilé Àǹtí Àdùnní tó ní irú ẹ̀.

Bàbá Ìjẹ̀bú
Mo dúpẹ́. Bàbá mi máa ń sọ ìtàn Dókítà Ọ̀gúntọ́lá Sàpàrà fún wa, ẹni tó lọ wọ ẹgbẹ́ àwọn abọ̀ṣọ̀pọ̀nná l'Ékòó láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé dókítà ni, tó sì rí i pé àwọn kan nínú wọn ń lo èépá ara ẹni tó ní in láti fi tan àrùn náà ká. Ohun tó rí yẹn ló jẹ́ kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de bíbọ ọ́. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ èépá. Àdùnní, èépá tó bá já bọ́ lára ológbò yẹn, má fi ìgbálẹ̀ gbá a kiri ilé o.

Dókítà Ẹran (Ìbàdàn)
Bàbá ti gbà á lẹ́nu mi. Fáírọ́ọ̀sì ìdílé yẹn máa ń pẹ́ láyé gan-an nínú èépá gbígbẹ. Ẹ wọ gílọ́ọ̀fù, ẹ fi pépà tútù mú un, ẹ so ó mọ́nú ọ̀rá kẹ́ ẹ tó jù ú. Aṣọ tó bá sùn lé, omi gbígbóná. Ilẹ̀, bílíìṣì tẹ́ ẹ ti pò mọ́ omi, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí Tiger tó padà tẹ̀ ẹ́, torí bílíìṣì tútù náà kò dáa fún un.

Túndé Bàlínì
Àdùnní, ṣé ibi tó o wà kò sún mọ́ Berkeley ni? Jenner tó ṣe àjẹsára àkọ́kọ́, ibẹ̀ ló ti ṣe é, 1796. Ọwọ́ ọmọbìnrin tó ń fún wàrà, Sarah Nelmes, ló ti mú omi cowpox, ó fi sápá ọmọkùnrin ọmọ ọdún 8 kan, James Phipps.

Àdùnní Glos
Ó sún mọ́ wa dáadáa o! Ilé ẹ̀ ti di mùsíọ́ọ̀mù, school ọmọ mi máa ń kó wọn lọ. A ṣáà ń wo màlúù tí wọ́n yà síbẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ológbò la ó tún padà bá a lára ẹ̀.

Dókítà Ẹran (Ìbàdàn)
Màlúù gan-an kì í sábàá ní in mọ́. Eku ló ni ín, màlúù, ológbò, erin, èèyàn, àlejò ni gbogbo wa.

Màámi Kitty
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo gbọ̀nà míì yọ sínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìsolò ni mo wà. Ológbò tèmi kì í jáde jìnnà, orí àga báńkónì ló máa ń wà, àmọ́ egbò wà ní orí imú ẹ̀ dé abẹ́ ojú, ó pọ́n, ó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó ń di èépá, ẹ̀ẹ̀kan á fẹ́ jiná, ẹ̀ẹ̀kan á tún tú. Ojú ọ̀tún ẹ̀ máa ń ṣomi. Ó máa ń sín. Aládùúgbò mi ra kírímù onítúùbù kan tí wọ́n ń tà fún làpálàpá lọ́jà, mo ti ń fi pa á, ó kọ́kọ́ dà bíi pé ó ń lọ, ó tún wá burú ju tàkọ́kọ́ lọ. Ṣé cowpox lèmi náà ń wò yìí?

Dókítà Ẹran (Ìbàdàn)
Rárá ma, tiyín yàtọ̀. Ẹ dá kírímù yẹn dúró lónìí. Púpọ̀ nínú àwọn kírímù onítúùbù ọjà yẹn, steroid wà nínú wọn, ìdí nìyẹn tó fi kọ́kọ́ dà bíi pé ó ń san.

Nǹkan mẹ́ta ni mo máa ronú sí. Ìkíní, ẹ̀fọn. Ológbò míì wà tí ara ẹ̀ kì í gba ẹ̀fọn, ibi tí irun ò pọ̀ lẹ̀fọn máa ń jẹ ẹ́, orí imú àti etí, á wú, á bó, á di egbò. Ìkejì, oòrùn, pàápàá tó bá jẹ́ funfun, torí jẹjẹrẹ lè ti ara oòrùn wọ imú àti etí ológbò funfun. Ìkẹta ni herpes ológbò, òun sì ni mo fura sí jù nítorí sísín àti ojú tó ń ṣomi. Fáírọ́ọ̀sì yìí, tó bá ti wọ ológbò lẹ́ẹ̀kan, kì í jáde mọ́. Ọ̀fìnkìn ni wọ́n máa ń pè é nígbà tí ológbò náà ṣì kéré, á lọ, àmọ́ inú iṣan tó wá síwájú orí ló sá pamọ́ sí, ọjọ́ tí nǹkan bá dà á láàmú (ẹ kó ilé, ẹ mú ológbò míì wálé, ó bímọ, tàbí steroid wọ̀ ọ́ lára) á tún gba inú iṣan yẹn padà wá síwájú, ojú àti imú ló sì máa ń já sí. Ìyẹn lẹ fi ń rí i pé ó ń lọ tó ń bọ̀.

Herpes ológbò kì í ràn èèyàn, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn. Àmọ́ ojú yẹn ni kẹ́ ẹ tètè gbé lọ, torí ó lè jẹ ẹyinjú.

Màámi Kitty
Haa. Lóòótọ́, a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọmọ ológbò míì wálé ni. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní òun ní tábílẹ́ẹ̀tì herpes tèèyàn nílé, valaciclovir, pé ká dá a sí mẹ́rin ká fún un nídá kan.

Dókítà Ẹran (Ìbàdàn)
Ẹ MÁ FÚN UN. Ẹ jọ̀ọ́ ma. Valaciclovir máa ń pa ológbò, ó máa ń ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín àti mùdùnmúdùn eegun wọn jẹ́. Èyí tí à ń lò fún ológbò nínú irú oògùn yẹn ni famciclovir, vet ló sì máa wọn ún fún un. Lysine tí àwọn èèyàn máa ń rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n ti kó gbogbo ìwádìí orí ẹ̀ jọ yẹ̀ wò ní 2015, kò ṣiṣẹ́. Ẹ fi owó yẹn gbé e lọ sọ́dọ̀ vet.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí ná: ẹ má jẹ́ kó dé báńkónì, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sójú wíńdò. Tó bá jẹ́ ẹ̀fọn ni, láàárín ọjọ́ mélòó kan ẹ máa rí i tó ń gbẹ. Tí kò bá gbẹ, kí wọ́n gé awọ ibẹ̀ lọ sí láàbù. Ṣùgbọ́n ti ojú ò gbọ́dọ̀ dúró de nẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ẹ gbà mí o, tèèyàn ò jẹ́ ṣe fún tẹran, tajá ò jẹ́ ṣe fún ológbò. Ta ló ní kéèyàn sin nǹkan yìí gan-an? Ìyá àgbà mi ní àjẹ́ ni wọ́n 😂

Bàbá Ìjẹ̀bú
Ọmọ yìí, ilé tí eku ti ń jẹ iṣu tán lóru ni wàá ti mọ ẹni tó ni kéèyàn sìn ín.

Ṣadé Atlanta
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Mo ní Sphynx, àwọn tí kò nírun yẹn, tiẹ̀ wá yọ àwọn nǹkan pẹlẹbẹ dúdú dúdú lọ́rùn àti nítan, bí èépá, kì í ṣẹ̀jẹ̀, kì í dùn ún. Èmi ti rò pé ìdọ̀tí ni, mo ń bó o. Wọ́n ní papillomavirus ni, fáírọ́ọ̀sì kan tó máa ń wọ awọ. Wọ́n gé e, wọ́n ní ó ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀ sí jẹjẹrẹ àmọ́ ojú awọ lókè ló ṣì wà. Sphynx àti Devon Rex (irú ológbò míì) ni wọ́n ní ó máa ń yá jù lára. Mi ò rí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá rí ni mo ṣe ní kí n sọ ọ́.

Dókítà Ẹran (Ìbàdàn)
Ẹ ṣé tẹ́ ẹ mú un wá. Ọ̀pọ̀ ológbò ló gbé irú fáírọ́ọ̀sì yẹn sára láìsí ohun tó ṣe wọ́n, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni wọ́n ti rí i lára ìyá wọn látìgbà ọmọ ọwọ́. Àgbà, tàbí àìlera, ló máa ń jẹ́ kó yọjú. Kò ní ọ̀nà láti ràn yín. Ẹ má bó o mọ́ o, ẹ máa ya fọ́tò ẹ̀ kẹ́ ẹ lè mọ̀ tó bá ń nípọn sí i tàbí tó di egbò, wọ́n lè gé e kúrò tàbí kí wọ́n lo kírímù tí àwọn dókítà awọ máa ń lò fún irú ẹ̀, àmọ́ ológbò ò gbọ́dọ̀ lá a.

Nígbà tá a ti wà níbẹ̀: tí ẹnikẹ́ni bá ní ológbò tí ojú àti ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣàdédé wú, tí ibà mú un, tí egbò ń yọ létí, nímú, látẹ́lẹsẹ̀, tí itọ́ ń dà lẹ́nu, ẹ má dúró kọ ọ́ síbí. Calicivirus (fáírọ́ọ̀sì ológbò) líle kan wà tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, California ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní 1998, ó sì ń pa ju ìlàjì àwọn tó bá mú nígbà míì, àgbà pẹ̀lú àwọn tó ti gba àjẹsára. Kò wọ́pọ̀, calicivirus tá a sábàá ń rí, egbò ahọ́n àti ọ̀fìnkìn ló mọ.

Àdùnní Glos
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èsì ti dé. Cowpox ni!!! PCR gbé e. Vet tó kọ́kọ́ dá mi lóhùn ṣákálá ló fúnra ẹ̀ pè mí, ohùn ẹ̀ ti yí padà, ó ní òun ò tíì rí ọ̀kan rí látìgbà tóun ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n fún un ní antibiotic torí kòkòrò míì tó ti wọnú egbò, wọ́n so ike mọ́ ọn lọ́rùn kó má máa lá a, wọ́n ní ká tì í mọ́lé. Yàrá tí a ń kó ẹrù sí la fi í sí. Ọmọ mi ń sunkún lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀, ó ń tẹ ìwé sábẹ́ ilẹ̀kùn pé kí Tiger kà á. Dókítà ti yẹ òun náà wò, kò sí nǹkan kan lára ẹ̀, wọ́n ní tí ohunkóhun bá yọ ká pè kíá ká má kàn gbé e wá jókòó sáàárín àwọn èèyàn.

Wàhálà tó wà nílẹ̀ báyìí ni bàbá wọn. Ó ní kí wọ́n gún un pa, pé òun ò lè fi ọmọ tẹ́tẹ́ nítorí ológbò. Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún un, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀ náà ń wọ̀ mí.

Túndé Bàlínì
Ẹ bá a sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹ̀rù ń bà á ni.

Dókítà Ẹran (Ìbàdàn)
Ẹ kú ewu. Ọkọ yín ò ṣẹ̀, ọmọ ló kọ́kọ́ kàn. Àmọ́ ẹ bá mi sọ fún wọn pé ológbò tí sójà ara ẹ̀ pé, bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni gbogbo ẹ̀ máa ń gbà tán, èépá á já, awọ á bò, àpá díẹ̀ lè kù tí irun ò ní í hù mọ́. Tí èépá tó kẹ́yìn bá ti já, tí awọ sì ti bò, kò lè kó o ran èèyàn mọ́. Bẹ́ ẹ bá lè tì í mọ́ yàrá tìrẹ, tó jẹ́ àgbàlagbà kan ṣoṣo tára ẹ̀ dá ló ń wọlé tọ̀ ọ́ pẹ̀lú gílọ́ọ̀fù, tí ọmọ ò sì débẹ̀, kò sídìí láti pa á. Bí ilé ò bá gba yàrá tìrẹ, ìyẹn lọ̀rọ̀ á yàtọ̀, ẹ ní kí vet bá yín wá ibi tí wọ́n máa tì í mọ́. Mi ò ní í purọ́ fún yín pé kò séwu kankan.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣọ́ ni mímí. Tó bá ń mí kíákíá nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, tó ń la ẹnu mí, tí kò jẹun mọ́, ẹ gbé e lọ lóru yẹn. Ẹ tún ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún FIV àti FeLV (fáírọ́ọ̀sì ológbò méjì), ológbò tó ń jáde lè ti ní wọn, àwọn yẹn sì máa ń rẹ sójà ara sílẹ̀.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn o. Ìwé sábẹ́ ilẹ̀kùn fún ológbò, ó pa mí lẹ́rìn-ín, ó tún ṣe mí láàánú. Ìbéèrè mi lónìí kì í ṣe yẹ̀yẹ́: tó bá san tán, ṣé ó tún lè mú un? Ṣé wọ́n ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ fún ológbò?

Dókítà Ẹran (Ìbàdàn)
Kò sí àjẹsára cowpox tí wọ́n ń tà fún ológbò. Ara tó bá ti bá a jà máa ń mọ̀ ọ́n, kì í sábàá mú un lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n dín ọdẹ kù, pàápàá láti July, ẹ fún un lóúnjẹ yó, ẹ má jẹ́ kó jáde ní àfẹ̀mọ́jú àti ìrọ̀lẹ́ torí ìgbà yẹn leku máa ń jáde. Ológbò tó mọ ọdẹ kì í fi ọdẹ sílẹ̀ tán o, mo mọ̀.

Àdùnní Glos
FIV, FeLV, wọ́n ní kò ní ọ̀kankan. Bàbá wọn ti gbà, ó ní òun fúnra òun ni òun máa máa wọlé tọ̀ ọ́, ó ra gílọ́ọ̀fù wálé bí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ. Èmi ò sọ nǹkan kan. Ìyàwó ilé tó gbọ́n kì í sọ̀rọ̀ nírú ìgbà yẹn.

Egbò ẹsẹ̀ iwájú yẹn ló ń ṣòro jù, ìyókù ti ń já. Ara ń yá a, ó ti ń fi ike ọrùn yẹn gbá ilẹ̀kùn láàárọ̀.

Màámi Kitty
Èmi náà wá jẹ́ àbọ̀. Nẹ́ẹ̀tì wíńdò ò ṣe nǹkan kan, kò gbẹ. Wọ́n ti gé awọ, láàbù ní herpes ni. Wọ́n fún wa ní famciclovir àti oògùn ojú, wọ́n ní ẹyinjú ti ń bó díẹ̀ àmọ́ a tètè dé. Owó oògùn yẹn o, ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́. Ọmọ ológbò tuntun tá a mú wálé yẹn ńkọ́ dókítà, ṣé ó ti kó o náà? Kò tíì sín.

Dókítà Ẹran (Ìbàdàn)
Inú mi dùn pé ojú yẹn bọ́ síbi tó dáa. Ọmọ yẹn lè ti kó o, torí àwo oúnjẹ kan náà ni wọ́n ti ń jẹ. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, àwo ọ̀tọ̀, ibi ìyàgbẹ́ ọ̀tọ̀, ẹ fọwọ́ ọṣẹ wẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò lára àgbà lọ sára ọmọ. Kí wọ́n gún un ní àjẹsára mẹ́ta-nínú-ọ̀kan tológbò, èyí tó ní herpes, calici àti panleukopenia (àrùn fáírọ́ọ̀sì míì tó ń pa ọmọ ológbò) pọ̀, tó bá ti pé bí ọ̀sẹ̀ 8, wọ́n á tún un gún ní bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 síra títí tó máa fi pé oṣù mẹ́rin. Kì í dí àrùn náà lọ́nà tán, ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kó le. Ẹ bi wọ́n bóyá inú fíríìjì tí iná ò ti ń lọ ni wọ́n tọ́jú abẹ́rẹ́ náà sí, ẹ má tijú bi wọ́n. Ti rabies náà, kí wọ́n gún un pọ̀ mọ́ ọn lásìkò tiẹ̀. Ẹni tó bá wà nítòsí Ìbàdàn lè gbé tiẹ̀ wá sí Veterinary Teaching Hospital ní UI, àwọn ará Abẹ́òkúta ní ti FUNAAB.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
UI kẹ̀, ẹsẹ̀ ni mo máa fi rìn débẹ̀. Dókítà, màmá mi ní òun fẹ́ gbé ajá wá lọ́jọ́ Móńdè, pé egbò yẹn ti tún yọ níbi tí wọ́n fi ọ́ìlì pa. Ẹ má sọ fún wọn pé èmi ni mo sọ fún yín.